Ọ̀ta Kì Í Ṣe Ọ̀tá

Nígbà tí mo wà ní géńdé, ojoojúmọ́ ni inú máa ń bí mi lẹ́yìn ìrun àìlà. Ìrun náà kì í ṣe tèmi. Àgùdà ni wá nílé wa, ilẹ̀ Bùràsíìlì ni àwọn baba ńlá mi ti padà wá, ọ̀dọ̀ àwọn fadá la sì ti ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n mùsùlùmí ni ọkùnrin tí mo ń bá ta ayò, kì í sì í jókòó sídìí ọpọ́n àfi tó bá kírun tán. Mọlémọlé ni. Ó jù mí lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń pè é. Èmi ń ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Akron, àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́. Bí òun bá mọ ògiri tán, èmi ni mo máa ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí i, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí a kì í rí ara wa. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ìsọ̀ mi ni ọpọ́n ayò wa máa ń wà.

Kò sí ọjọ́ tí kì í pa mí. Ká ní pípa náà nìkan ni, ǹ bá fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tó bá ń ta ayò gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kú. Ẹnu rẹ̀ ni mi ò lè gbà. Ó máa ń ṣẹ̀fẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ á le bí ojú ẹni tó ń gbọ́ wàásù, á rọra máa ka ọmọ ayò sílé, á wá sọ̀rọ̀ kan wẹ́rẹ́, gbogbo àwọn tó pagbo yí wa ká á sì ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín.

"Gbogbo Àjàṣẹ́ ló mọ̀ pé o lè ta àga," ó wí fún mi lọ́jọ́ kan. "Ta ló sọ fún ọ pé o lè ta ayò?"

Ilé ni à ń pe ihò ojú ọpọ́n, ọmọ ni à ń pe èso tó ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ẹni tó bá ní ẹnu. Bó bá ti kó ilé mi tán, á ní, "Èmi ni mo ń kọ́lé fún gbogbo ìlú yìí. Tìrẹ nìkan ni mo ń tú." Bí mo bá ronú pẹ́ kí n tó gbé ọmọ, á kọjú sí àwọn òǹwòran, á ní, "Ẹ má pariwo. Ó ń yan èyí tó máa fi kú."

Nígbà kan, mo fi ọwọ́ gbá ọpọ́n, ọmọ ayò fọ́n ká sínú iyanrìn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ta ayò láìsọ̀rọ̀ lónìí. Ṣé kò ṣeé ṣe ni?"

Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìgbà wo ni òkú ń bẹ̀bẹ̀?" ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti pa ọ́. Ìwọ ni o ò tíì gbọ́."

Ẹni tó bá mọ ayò ta débi pé kò sẹ́ni tó lè nà án, ọ̀ta là ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ta, òpè ni. Òun ni ọ̀ta. Òpè sì di orúkọ mi. Ó ń pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ó pè mí bẹ́ẹ̀ níwájú àna mi. Ní ọjọ́ tí mo ti jókòó kó tó dé, ó dúró lórí mi, ó ní, "Mi ò pè, òpè ti wá." Mo lọ sílé lọ́jọ́ náà, mi ò lè jẹun. Ìyàwó mi ní kí n má lọ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, mo ti wà níbẹ̀ kí ìrun tó tán.

Kí ló ń mú mi padà? Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rò ó. Nígbà yẹn, mo rò pé ìbínú ni, pé mo fẹ́ nà án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n sọ tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ yẹn wà lára ohun tí à ń lọ ṣe. Láti òwúrọ̀, òyìnbó ti sọ̀rọ̀ sí wa bó ṣe wù ú, a ti fi orí dáhùn. Níbi ayò, ọ̀rọ̀ máa ń ní inú méjì, mẹ́ta, ẹni tó bá gbọ́ èyí tó fara sin á rẹ́rìn-ín, ẹni tí kò bá gbọ́ á máa wo ẹnu wa. Wọ́n ń nà ọ́, wọ́n ń bú ọ, ìwọ náà ń bú wọn, bí oòrùn bá wọ̀, ẹ ó jọ máa lọ sílé. Níbo ni wọ́n tún ti ń bú èèyàn báyìí tí kì í dá ọgbẹ́ sí i lára?

Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Faransé àti àwọn Jámánì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n wà lára àwọn tí wọ́n kó. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó ni. Wọ́n kó wọn lọ sí Kùtọnù, wọ́n sì ti ibẹ̀ kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi. A rò pé ẹ̀gbọ́n ò ní wá síbi ayò lọ́jọ́ náà. Ó wá. Ó jókòó, ó ta. Nígbà tó kó gbogbo ọmọ inú ilé mi kan, ó gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò wọ́n díẹ̀, ó ní, "Ọmọ lọ sógun."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dá lójijì. Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín lẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀?"

"Ṣé kí n fi ọmọ tìrẹ ṣe é ni?" Ojú rẹ̀ ò yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọmọ náà sílé. "Bí mo bá sunkún lójú títì, wọ́n á ní mò ń ba orúkọ ìjọba jẹ́, wọ́n á gbé mi. Ayò ni mò ń ta. Mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n gbé ẹnì kan nítorí ayò."

Ògbufọ̀ kọmandá ni ẹni tó mú kí n gbọ́ irú rẹ̀.

Kọmandá ni òyìnbó tó ń ṣàkóso wa. Kò gbọ́ Nàgó tí à ń sọ, kò gbọ́ Ègùn, ohunkóhun tí a bá sì ní láti sọ fún un, ẹnu ògbufọ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ má rò pé àjèjì ni ògbufọ̀ yìí. Àdúgbò wa ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Nàgó ló fi kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ilé ìwé àwọn òyìnbó, ó wá ń wọ fìlà funfun líle bíi tiwọn, àwọn àgbàlagbà sì ń yà fún un lójú ọ̀nà. Ó máa ń bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nígbà náà. Bàbá ló ń pè é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó yà sábẹ́ máńgòrò. Ó ní òun náà ti ta ayò ní kékeré, òun fẹ́ wò ó bóyá ọwọ́ òun ṣì dá ṣáṣá. Mo dìde fún un. Wọ́n gbé àga fún un, ó kọ̀, ó ní òun máa jókòó sórí àpótí bíi ti gbogbo èèyàn. Inú wa dùn sí i.

Ẹ̀gbọ́n pa á. Ó tún pa á. Ní àkọ́kọ́ ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa. Nígbà tó yá, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí orúnkún, òógùn ń yọ lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kó ilé tó kún jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ àwọn ọmọ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ògbufọ̀, jọ̀wọ́, bá wa túmọ̀ èyí sí Faransé."

Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní ìsọ̀ òdìkejì sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín dé ibi tí omi bọ́ lójú mi. Èmi tí wọ́n ti ń nà láti ọdún yìí wá, ó dùn mọ́ mi pé ẹlòmíràn ló wà nílẹ̀.

Ògbufọ̀ ní, "Bàbá, ẹnu yín mú o."

"Kì í ṣe ẹnu," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ọ̀ta ni mí. Ilé tí mo bá ti wọ̀, gbogbo ọmọ ibẹ̀ ni mo máa kó lọ bíi kọmandá."

Ẹ̀rín tún bẹ́. Ògbufọ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn gáàdì wá gbé ẹ̀gbọ́n lórí àkàbà níbi tó ti ń mọ ògiri. Wọn ò jẹ́ kó fọ ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀ sáré wá bá mi ní ìsọ̀, kò lè sọ̀rọ̀ já gaara. Mo ju ayùn sílẹ̀, a jọ gba ọ̀nà biró kọmandá. Wọ́n jẹ́ kí èmi wọlé nítorí pé mo sọ pé mo wà níbẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí obìnrin náà dúró sínú oòrùn.

Ẹ̀gbọ́n dúró ní àárín yàrá, amọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Kọmandá jókòó. Ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọmandá sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ sì kọjú sí ẹ̀gbọ́n.

"Ṣé o sọ lánàá, níwájú àwọn èèyàn, pé ọ̀ta ni ọ́?"

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó lè bí i ló ń pè ní "o" yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀ta ló pè é, bí a ṣe ń pè é níbi ayò. Kò ṣì í pè.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Mo sọ ọ́. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọ̀ta ni mí."

Ògbufọ̀ yíjú sí kọmandá. Faransé tí mo gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ti mọ̀ lọ́dún yẹn, nítorí pé gbogbo ọjọ́ Sunday ni fadá ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. *Ennemi*. Ohun tí wọ́n ń pe Jámánì nìyẹn. Ohun tó ti ẹnu ògbufọ̀ jáde nìyẹn. Ó fi "ọ̀ta" bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ó sì fi "ọ̀tá" lé kọmandá lọ́wọ́.

Ó tún kọjú sí ẹ̀gbọ́n. "Ṣé o sì sọ pé o máa kó gbogbo ọmọ inú ilé lọ?"

"Ọmọ ayò," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ṣé o sọ ọ́ àbí o ò sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

Ó tún túmọ̀ ìyẹn. Mo rí i tí ọrùn kọmandá pọ́n. Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe. Mo ní, "Irọ́ ni! Kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn!" Gáàdì kan fi ìdí ìbọn gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣubú sórí eékún. Kọmandá gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí n sọ tẹnu mi.

Ta ni mo máa bá sọ ọ́? Ẹni tí mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ló máa túmọ̀ ẹjọ́ náà. Mo fẹ́ fi Faransé ọjà tí mo gbọ́ ṣe é. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n, mo ní, "Mèsíè, ọ̀ta." Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Ọ̀tá, *non*." Mo tún un sọ. Ọ̀ta, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ kọ́.

Kọmandá gbọ́ ota, ó tún gbọ́ ota. Ó bú sẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn, ohun tó pa òyìnbó yẹn lẹ́rìn-ín nìyẹn. Ó bi ògbufọ̀ léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Ògbufọ̀ wò mí. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ọmọ bíbí obìnrin àdúgbò wa, ẹni tí ìyá rẹ̀ fi Nàgó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó yíjú padà, ó dáhùn pé kò sí ìyàtọ̀ kankan, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ó mọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Àwọn kan ti sọ fún mi láti ìgbà náà pé bóyá ó ṣèèṣì ni, pé iṣẹ́ ògbufọ̀ le, pé ẹ̀rù kọmandá ń bà á náà. Irọ́ ni. Ó mọ̀. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín lábẹ́ máńgòrò, kò rí ẹnu fèsì, ó wá lọ yá ẹnu ìjọba.

Nígbà yẹn, kọmandá ò nílò adájọ́ kankan láti fi ọmọ ilẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ó sọ gbólóhùn kan, ó ti parí. Nígbà tí wọ́n ń fa ẹ̀gbọ́n jáde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Òpè ló bá mi rojọ́. Mo dúpẹ́." Ojú rẹ̀ le bó ṣe máa ń le. Ẹ̀fẹ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn.

Wọ́n fi òun àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù ṣiṣẹ́ títì ní ọ̀nà Avrankou. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé oúnjẹ lọ. Bí inú gáàdì bá dùn, á gbà á fún un. Bí inú rẹ̀ ò bá dùn, á jẹ ẹ́ lójú wa. Mo rí i lókèèrè lọ́jọ́ kan, ó ru agbọ̀n erùpẹ̀ pupa, ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń bẹ̀ kó wá kọ́lé fún wọn. Mo pè é. Ó gbọ́ mi, mo mọ̀ pé ó gbọ́ mi, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Mo jókòó sínú koríko, mo fi ọwọ́ méjèèjì tu ú títí ọwọ́ mi fi ṣẹ̀jẹ̀.

Ó jáde lẹ́yìn ìgbà òjò. Ó ti gbẹ, ó ń wúkọ́. Mo ti gbẹ́ ọpọ́n tuntun dè é, igi rẹ̀ dára. Ó jókòó, a ta ayò. Kò sọ̀rọ̀ kankan. Ó pa mí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kan, mo pa òun. Èmi! Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún gbọọrọ. Ó wo ọpọ́n, ó ní, "O jẹ ẹ́," ó sì tún ọmọ kó sílẹ̀. Kò sí ẹni tó pariwo. Kò dùn, ó dà bí ìgbà tí mo bá na ọmọ tó ń ṣàìsàn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lábẹ́ igi náà, nítorí pé kí ni wọ́n ń wá wò? Àwọn àgbàlagbà méjì tó ń ka èso?

Nígbà náà ni ògbufọ̀ padà wá.

Ó wá lọ́sàn-án bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó kí wa, ó bèèrè àlàáfíà, ó ní ọjọ́ ti pẹ́, pé kí bàbá jẹ́ kí àwọn ta díẹ̀. Mo dìde, mo sì la ẹnu. Ohun tí mo fẹ́ sọ sí i, mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ kan orúnkún mi. Ó ní kí n jẹ́ kó jókòó.

Wọ́n ta. Ẹ̀gbọ́n pa á, kò sọ̀rọ̀. Ó tún pa á, kò sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń wòran ò sọ̀rọ̀. À ń gbọ́ ọmọ ayò bó ṣe ń bọ́ sínú ilé, kó, kó, kó.

"Bàbá," ni ògbufọ̀ wí, "kí ló dé? Ẹ bú mi díẹ̀, kí eré dùn."

Ẹ̀gbọ́n ta.

Ògbufọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara rẹ̀. Ó ní òun ti di òkú, kí a wá sin òun. Ó ní ilé òun ti dahoro. Ẹ̀fẹ̀ náà kò burú, ká sòótọ́. Ẹlòmíràn ì bá sọ ọ́, à bá rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni kan tó máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú òun. Nígbà tó dójú mi, mo tu itọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ó dìde pẹ̀lú ìbínú, ó ní, "Ará ibí yìí, ẹ ò mọ eré," ó sì lọ.

Mo bi ẹ̀gbọ́n pé kí ló mú un tó fi jẹ́ kó jókòó. Ó ní, "Ayò ni mo bá a ta. Mi ò bá a ṣeré."

Ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti ogun. Ó ń tiro, ṣùgbọ́n ó bọ̀. Bàbá rẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún un nípa ẹ̀wọ̀n. Èmi ni mo sọ ọ́. Ó jókòó sórí pákó tí mo ń fá, ó gbọ́ ọ dé òpin, ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ túmọ̀ sọ, mo tún un sọ. Ó ní, "Nígbà tí a wà lọ́hùn-ún, wọ́n fi àwọn ọ̀tá hàn wá, wọ́n ní ká yìnbọn sí wọn. Wọn ò sọ fún mi pé bàbá mi náà wà lára wọn." Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sílé. Ògbufọ̀ ti kúrò ní Àjàṣẹ́ nígbà yẹn. Wọ́n ti gbé e ga, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ìlú míràn, níbi tí kò ti sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn tí ọmọ náà dé, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́nu ẹ̀gbọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó tún pè mí ní òpè lọ́jọ́ kan, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n títí tó fi kú, bó bá fẹ́ sọ ẹ̀fẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ wẹ̀yìn. Á dúró, á yí ọrùn, á wo ọ̀nà, á wo àwọn tó dúró yí wa ká, kó tó wá sọ ọ́. Ẹ̀fẹ̀ kì í dúró de ẹni tó ń wẹ̀yìn. Títí tó bá fi máa sọ ọ́, á ti tutù. A máa ń rẹ́rìn-ín fún un náà, nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀. Òun náà mọ̀ pé à ń rẹ́rìn-ín fún òun ni.

Mo ti di arúgbó, àwọn fadá sì ń sọ fún mi pé kí n dárí ji ògbufọ̀ náà. Mo gbọ́ wọn. Inú ṣì ń bí mi.